Pátákó Wáyà Ọ̀gá Mi ní Magazine

Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ó wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan, ó ní àwọn olùkọ́ àwọn ní kí àwọn ṣe iṣẹ́ kan lórí bí ìmọ̀ tuntun ṣe ń jáde láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti ipa tí kọ̀ǹpútà lè kó nínú rẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe rẹ́wáyà, níbo ni ẹ̀yin ti rí ìmọ̀ tiyín?"

Mo ní, "Lára pátákó kan ní Kùmásì."

Ó rò pé pátákó ilé ìwé ni mò ń wí, ó ti fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Pátákó tí mò ń wí yìí, lójú ayé mi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sí i. Wáyà ni wọ́n kàn mọ́ ọn, wáyà tó jóná sì ni àkọ́kọ́ wọn.

Kùmásì ní ilẹ̀ Gáńà ni wọ́n ti bí mi, ní 1950. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní ọjà ńlá ẹ̀gbẹ́ Kejetia: táyà, ṣéènì, wáyà búrẹ́ẹ̀kì, gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tí í máa ń fi ọ̀rá dúdú kun ọwọ́ ọmọdé. Àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ẹjìgbò, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ṣakí. Alata ni àwọn Àṣáńtì ń pè wá. Àwọn ìyá wa ní nítorí ata tí àwọn ń tà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní orúkọ ìlú Allada ní ilẹ̀ Dahomey àtijọ́ ló yí padà di bẹ́ẹ̀. Ti ata ló wù mí ní tèmi.

Ní 1966, ọdún tí àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah, bàbá mi dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí Suame Magazine pé kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà, kò ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn. Ilé tí sójà ń kó ọta ìbọn àti ẹ̀tù pamọ́ sí ni òyìnbó ń pè ní magazine. Ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ irin Kùmásì kọ́kọ́ pàtẹ sí. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Suame lápá àríwá ìlú, wọ́n ká orúkọ náà bí ẹni ká ẹní, wọ́n gbé e dání lọ. Lónìí, ẹni tó bá bèèrè iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á gbọ́ oríṣiríṣi: àwọn kan á ní 80,000, àwọn mìíràn á ní 200,000. Láti ọ̀kẹ́ mẹ́rin dé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá! Bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó dúró pẹ́ lójú kan tí wọ́n fi lè kà á ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ Kùmásì pupa, ṣùgbọ́n ti Magazine dúdú kirikiri, ó ti mu ọ́ìlì yó. Èkejì ni ariwo. Àwọn tó ń lu páànù, àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń rọ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo wọn ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ọ̀gá kan lè wà lábẹ́ ọkọ̀ láàárín ariwo yìí kó gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì kan lọ́ọ̀ọ́kán kò dún dáadáa. Mo rò pé irọ́ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, èmi náà ń gbọ́ ọ.

Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Gáńà. Ọ̀gá tèmi kì í ṣe fítà gan-an, iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ wọn, ohun tí àwa ń pè ní rẹ́wáyà nílé níbí. Àṣáńtì ni wọ́n, wọn ò kàwé, wọn ò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́, wọn á ṣe é, ìwọ á máa wò. Tí wọn ò bá fẹ́ kọ́ ọ, wọn á rán ọ níṣẹ́. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá kàn ni kẹ́ńkẹ́ máa ń wù wọ́n jẹ: wíwé wáyà bàbà sára irin àárín dánámò. Wọ́n á ní, "Alata, lọ ra kẹ́ńkẹ́ wá." Nígbà tí mo bá fi máa dé, wọ́n ti wé e tán, kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n yí i po. Mo wá gbọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra kẹ́ńkẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀, màá fi pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá rán mi, ẹ̀yìn ògiri páànù ni mo máa lọ dúró sí, tí màá máa fi etí kà á, nítorí wáyà náà máa ń ta ṣìn-ín lára irin ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Bí mo ṣe jí iṣẹ́ yẹn kọ́ nìyẹn. Wọ́n mọ̀, mo rò bẹ́ẹ̀, torí pé kẹ́ńkẹ́ mi kì í gbóná.

Nǹkan wa nígbà náà ni lọ́rì Bedford, èyí tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀. Iná rẹ̀ rọrùn fẹ́ni tó bá mọ àwọ̀ wáyà. Àwọn ará Bìrìtìkó ti fi àwọ̀ pín iṣẹ́ fún wọn: aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń gba iná wá tààrà láti ara bátìrì, funfun ni ti kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ewé ni ti àwọn nǹkan tí kọ́kọ́rọ́ ń pàṣẹ fún lẹ́yìn fíúùsì, aláwọ̀ aró ni ti iná iwájú ńlá, pupa ni ti iná ẹ̀gbẹ́, àlùkò ni ti àwọn nǹkan tí kì í sùn, bíi fèrè, dúdú sì ni ilẹ̀, ìyẹn ibi tí iná ń bá lọ sí ara ọkọ̀. Mo mọ èyí lórí bí ẹni mọ oríkì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní, "Alata yìí ti parí iṣẹ́."

Ní 1968, wọ́n gbé Mercedes kan wá. Oníṣòwò kókó kan ló ni ín. Wọ́n ti gé wáyà bátìrì rẹ̀ níbi kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ sì rí jágbajàgba. Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú, èmi ni mo wà níbẹ̀ bí àgbà. Mo rí wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn dáadáa, mo ní ìwọ ni mò ń wá. Mo so ó mọ́ ojú bátìrì níbi tí iná ti ń jáde. Kí n tó ṣẹ́jú, èéfín ti kún abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Mo fi ọwọ́ fà á yọ. Àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi títí dòní.

Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí mi ò tíì fojú rí. Wọn ò nà mí. Wọ́n pe àwa ọmọ iṣẹ́ márààrún, wọ́n gbé wáyà jíjóná náà sáàárín, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní aláwọ̀ ilẹ̀ ni iná, bó ṣe wà nínú Bedford. Ọ̀kan nínú wa tó ti bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ lára Volkswagen rí ní, rárá o, ara ọkọ̀ ló ń kàn níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun rí i nínú Opel bẹ́ẹ̀. A yíjú sí ọ̀gá. Ọ̀gá dákẹ́ títí, wọ́n wá ní àwọn ò mọ̀.

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láé. Ọ̀gá ti tún ọkọ̀ Jámánì ṣe bí ogún ọdún! Ohun tó fà á ni pé wọ́n ní gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, òun ni wọ́n fi ń dán gbogbo wáyà wò kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó tàn ni, kò tàn ni. Ọwọ́ wọn mọ ohun tí ojú wọn ò wò rí. Àwọ̀ kò jámọ́ nǹkan kan fún wọn, nítorí náà wọn ò lè fi kọ́ wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tú àpótí tíì kan, wọ́n mú pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan wáyà mọ́ ọn. Ti Bìrìtìkó wà lápá òsì, ti Jámánì lápá ọ̀tún. Wáyà tí mo sun ni wọ́n kọ́kọ́ kàn. Lápá ọ̀tún yìí, pupa ló ń gba iná láti ara bátìrì, dúdú ni ti kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ilẹ̀ ni ilẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ fún wọn pé ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni: aláwọ̀ ilẹ̀ ni ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ Àṣáńtì mẹ́rin ti ń fi Yorùbá rántí wáyà Jámánì. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń pè é ní "ilẹ̀" ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn tó sì ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé Yorùbá ni.

Ọmọ ọmọ mi dá mi dúró níbí. Ó ní ìtàn kan wà nínú ìwé tí àwọn ń kà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé Japan méjì, Nonaka àti Takeuchi, kọ ní 1995. Ilé iṣẹ́ Matsushita ní Osaka fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ìyàwó ilé á fi máa ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀rọ náà ń po ìyẹ̀fun, búrẹ́dì kò sì dára, wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Obìnrin kan láàárín wọn, Ikuko Tanaka, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀, lọ bá ọ̀gá oníbúrẹ́dì hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan níbẹ̀, ó sì ń bá a po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá ló rí i pé bí ọkùnrin náà ṣe ń fa ìyẹ̀fun náà ló ń lọ́ ọ. Òun ló padà wá sọ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, wọ́n sì wá bí wọ́n ṣe máa ṣe é kí irin náà máa fà kó sì máa lọ́.

Mo ní, "Ọmọ iṣẹ́ ló lọ ṣe nìyẹn."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Oníbúrẹ́dì náà ò mọ̀ pé òun ń lọ́ ọ."

Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀, kó sì kọ gílóòbù ọ̀gá mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé ti wáyà jíjóná yẹn ni nǹkan dàrú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Gáńà. Bàbá mi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, wọn ò ní ìwé kankan. Àwọn ọjà tí wọ́n fi gbogbo ayé kó jọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, tí àwọn Yorùbá fi owó ara wọn kọ́, mo wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn, a kò kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ọ̀gá mi bọ́ gílóòbù ìdánwò wọn lára ìṣó, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ti sọ fún yín pé wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ìbàdàn ni mo ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Mi ò ní fi ìyẹn gba yín lákòókò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà sí apá ọ̀tún ọ̀nà ní April 1972, mo wà níbẹ̀ nígbà tí Peugeot 504 gbòde, mo sì wà níbẹ̀ ní January 1983 tí ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Gáńà. Ọ̀kan nínú àwa márùn-ún ìjọ́sí, èyí tó mọ Volkswagen, ti wá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó sùn sílé mi ní alẹ́ méjì kó tó máa lọ. Ó kó ẹrù sínú àpò onílà tí wọ́n wá sọ ní Ghana Must Go. A wo ara wa, a ò mọ èwo nínú wa ló yẹ kó bẹ èkejì. Òun ló sọ fún mi pé pátákó ọ̀gá ṣì wà.

Ní 1986 mo padà lọ wò ó, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ọ̀gá ti kú. Pátákó wà lára ògiri, ó ti dúdú bí ilẹ̀ Magazine. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta ti wà lára rẹ̀, èyí tí mi ò bá kàn: wáyà àwọn ará Japan. Toyota, tí ilẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ funfun onílà dúdú. Datsun, tí tirẹ̀ jẹ́ dúdú. Àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ló kàn án. Ẹnì kan ti sun tirẹ̀, ó dájú. Mo rí jíjó náà lẹ́nu wáyà kan.

Nǹkan mìíràn ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kùmásì, tí wọ́n ń pè ní KNUST, ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1972 tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. John Powell, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, ló darí rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti máa pe àwọn fítà wá sọ́gbà yunifásítì, àmọ́ kò tó. Ní 1980, wọ́n gbé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wá sí Suame, ITTU ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ tí tọ́nà fi ń gé irin wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin dà wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ní oyè wọ aṣọ ọlọ́ìlì bíi tiwa. Powell padà kọ ìwé nípa ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ níbẹ̀, ní 1995, ó sì fi ọ̀rọ̀ fítà ṣeré nínú orúkọ ìwé náà. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi nípa àwọn èèyàn ITTU kò pọ̀: wọ́n ní wọn kì í kánjú lọ sílé.

Iṣẹ́ sì wà. Gáńà náà ti yí sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bìrìtìkó àti ti Japan ń wọlé pẹ̀lú ìdarí wọn lápá ọ̀tún. Suame ni wọ́n ti ń gbé ìdarí wọn lọ sí apá òsì. Fítà á gbé irin, àwa á gbé wáyà gbogbo inú dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá sí òdì kejì. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ èyí sí. Ẹni tó ṣe Corolla lánàá ló ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe é lónìí.

Lẹ́yìn náà ni iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwòrán ẹ́ńjìnnì, aláwọ̀ òféfèé. Màá jẹ́wọ́: ohun tí àwa àgbà kọ́kọ́ ṣe ni pé a yọ gílóòbù rẹ̀. Oníbàárà dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta ọkọ̀ rẹ̀ kú sọ́nà Offinso. Láti 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pọn ọ́n ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò oníka mẹ́rìndínlógún kan náà lábẹ́ ìdarí, tí ẹ̀rọ lè gbà bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà di tókúnbọ̀, tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Tema, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rí ọ̀gá tó ti kọ́ ogójì ọmọ níṣẹ́ tó dúró níwájú bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí, tó káwọ́ gbera bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dá owó jọ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní susu, tí mo gbà pé èésú wa ni, wọ́n ra sìkánà kan. Inú wọn dùn. Ẹ̀rọ náà á sọ òǹkà kan, wọ́n á lọ ra ohun tí òǹkà náà ń wí. Corolla kan wọlé, ẹ̀rọ ní P0171: atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́nsọ̀ tó wà lára páìpù èéfín. Iná tún tàn. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa epo. Iná tún tàn. Owó oníbàárà ti tán, ohùn rẹ̀ ti ń ga. Fítà àgbà kan ń kọjá lọ, kò mọ A yàtọ̀ sí B, ó di ẹja yíyan mú lọ́wọ́ kan. Ó dúró. Ó ní kí wọ́n pa rédíò. Ó ní, "Ó ń súfèé." Ó na ọwọ́ tí kò mú ẹja sísàlẹ̀, ó fa rọ́bà kékeré kan jáde tó ti sán. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń yọ́ wọlé.

Àwọn ọmọ náà fi ṣòfin: tí ẹ̀rọ bá ti pe 171, ẹ pa rédíò ná.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi pé lọ́dọ̀ ta ni ìmọ̀ yẹn wà kí ọkọ̀ náà tó dé? Ẹ̀rọ mọ̀ pé atẹ́gùn pọ̀, kò mọ ibi tó gbà wọlé. Bàbá ẹlẹ́ja gbọ́ ìfé, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá a. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ tí kò tíì hù.

Ìmọ̀ mìíràn tún wà tí mi ò lè yìn tán. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní àgò kan lábẹ́ tó ń fọ èéfín, irin olówó iyebíye wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n á ti gé e tà. Ọpọlọ ọkọ̀ á máa wá a, á máa pariwo P0420. Tọ́nà kan ní Magazine gé irin róbótó kékeré kan tó ń fa sẹ́nsọ̀ kejì sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nínú èéfín. Ọpọlọ ọkọ̀ gbà pé àgò ti padà, ó dákẹ́. Ọgbọ́n ni. Mi ò sọ pé ó dára fún ẹ̀dọ̀fóró wa.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àlejò pọ̀ ní Magazine. Ní 2013, ayàwòrán kan láti Netherlands, Melle Smets, àti Joost van Onna tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, wá bá ẹgbẹ́ SMIDO tó ń rí sí ìdàgbàsókè Magazine, àwọn oníṣẹ́ wa sì bá wọn fi àlòkù irin kọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Turtle, alábahun. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọkọ̀ tó rọrùn, tó lè gba ọ̀nà wa, tí fítà lè tún ṣe láìlo kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ wọn lọ fi han àwọn èèyàn. Mo fọwọ́ kàn án, ó dára, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Corolla ni oníbàárà mi gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn mìíràn tún wá, mi ò ní dárúkọ wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ìmọ̀ fítà pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà kó má bàa sọnù. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè bí ogójì. "Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé alternator ti bàjẹ́?" Kò sí ọkọ̀ níwájú wa. Mo sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu, àwọn ọ̀gá yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì parọ́ díẹ̀, nítorí àṣírí iṣẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fún wa ní omi inú ike, wọ́n lọ. Mi ò rí fítà kan tó ṣí ohun náà wò. Èmi náà ò ṣí i.

Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fúnra wọn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ju dátà lọ. WhatsApp ni. Ọmọkùnrin kan á wà lábẹ́ ọkọ̀ ní Tamale, á ya fọ́tò wáyà, á fi ohùn sọ̀rọ̀ ní Twi, o sì lè gbọ́ oníbàárà tó ń bínú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni mẹ́ta á dá a lóhùn láti Magazine. Méjì á máa bá ara wọn jiyàn. Ẹnì kan á ní kó pa rédíò. Nígbà tí ọkọ̀ bá dìde, á fi ohùn ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ lálẹ́ bí ẹni gbọ́ ìròyìn.

Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ti kọ́ ọgọ́ta. Ọkọ̀ ìsìnyí, wọn kì í na wáyà kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́. Wáyà tín-ín-rín méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn ni gbogbo ọpọlọ inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé e jáde ní 1986, ọdún tí mo padà sí Kùmásì, mi ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ fún ogún ọdún sí i. Tí ọkọ̀ bá ya wèrè, tí gbogbo iná ojú rẹ̀ ń tàn, àwọn ọmọ á tú bátìrì, wọ́n á fi mítà kan ihò kẹfà àti ìkẹrìnlá lójú ihò abẹ́ ìdarí yẹn. Tó bá kà á ní 60, ọ̀nà wáyà náà kò já. Tó bá jẹ́ 120, ó ti já sápá kan. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, méjèèjì ti kanra. Ọmọ tó kọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bó wáyà. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni mo sì fi ń nu mítà rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, mo ń wo ojú òǹkà náà.

Ọmọ ọmọ mi ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe áàpù kan fún àwọn mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi í pé mẹkáníìkì mélòó ló wà nínú wọn. Ó ní kò sí. Mo ní kó lọ máa bá ọmọ iṣẹ́ kan ru àpótí irinṣẹ́ ní ọ̀nà Òkè-Àdó fún oṣù kan ná. Ó rò pé mo ń ṣeré.

Ó ní òun fẹ́ rí pátákó náà. Mo pe Kùmásì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, ọmọ iṣẹ́ mi tó ra sìkánà ìjọ́sí ni, òun náà ti ń hewú. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Mo bọ awò sójú. Ìlà mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n ti kan wáyà tín-ín-rín méjì tó lọ́ mọ́ra wọn, ẹnì kan sì fi ọ̀dà funfun kọ 60 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú, ó gbé e lọ sókè, lápá ọ̀tún.

"Bàbá, èyí tó jóná yìí ńkọ́?"

Mo ní ọwọ́ mi ló ti jóná. Ó bèèrè ọdún. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀: 1968.